Orúkọ Ta Ló Wà Lára Orin Náà? Ìdáhùn sí Lẹ́tà Ẹ̀yin Òǹkàwé Lórí Òwò Orin

Láti ìgbà tí a ti kéde pé a ó fi ojú ìwé yìí dáhùn ìbéèrè lórí bí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ṣe yí òwò orin padà, lẹ́tà tó wọlé ti ju èyí tí ojú ìwé wa lè gbà lọ. Márùn-ún ni mo mú nínú wọn, nítorí pé ohun tí àwọn márùn-ún yìí béèrè ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù náà ń béèrè lọ́nà mìíràn. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a kò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣèlérí.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, orin ni mo ń kọ ní Ìbàdàn. Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá ni mo gbé orin mi kan jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Títí di àkókò tí mo ń kọ lẹ́tà yìí, wọ́n ti gbọ́ ọ ju ìgbà 40,000 lọ lórí oríṣiríṣi áàpù, ṣùgbọ́n owó tó wọlé kò tó èyí tí mo san ní sítúdíò. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní wọ́n ti jí owó mi ni. Ṣé lóòótọ́ ni? (Olórin ọ̀dọ́, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìforítì, ọ̀dọ́mọkùnrin wa. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti jẹ nínú owó yín lóòótọ́, a ó sì dé orí ìyẹn, ṣùgbọ́n kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni lólè, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó náà. Ọ̀pọ̀ olórin ló rò pé iye kan pàtó wà tí wọ́n ń san lórí ìgbọ́ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ta ọsàn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ilé-iṣẹ́ áàpù orin bíi Spotify ń ṣe ni pé wọ́n ń kó owó tí àwọn olùgbọ́ san lóṣooṣù àti èyí tí àwọn apolówó ọjà san sínú ìkòkò kan, wọ́n á yọ tiwọn kúrò, wọ́n á wá pín ìyókù gẹ́gẹ́ bí ìpín tí orin kọ̀ọ̀kan kó nínú gbogbo orin tí àwọn ènìyàn gbọ́ láàárín àkókò náà. Bí àwọn olùgbọ́ ìlú kan bá san owó tó jọjú, ìkòkò wọn á kún; bí wọ́n bá san díẹ̀, ìsàlẹ̀ ìkòkò ni gbogbo olórin ibẹ̀ yóò jọ máa họ.

Nígbà tí Spotify wọ Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2021, ₦900 ni wọ́n ń gbà lóṣù, nígbà tó jẹ́ pé $9.99 ni ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà ń san ní àkókò kan náà. Bí a bá fi pàṣípààrọ̀ owó ìgbà náà ṣírò rẹ̀, owó ará Amẹ́ríkà kan ju ìlọ́po mẹ́rin owó ti ará ilé wa lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùgbọ́ wa kò sì san kọ́bọ̀ rárá, nítorí pé èyí tó ń fi ìpolówó ọjà há orin lẹ́nu ni wọ́n ń lò. Ìdí nìyí tí 40,000 ìgbọ́ láti Mọ́kọ́lá àti Ọ̀jọ́ọ̀ kò fi lè so èso kan náà pẹ̀lú 40,000 láti Peckham ní London. Ẹ tún rántí pé ẹ sọ pé oríṣiríṣi áàpù ni ẹ ṣà á jọ láti orí wọn: kálukú wọn ló ní ìkòkò tirẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá níbí kò sì dọ́gba pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ́hùn-ún. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ni Spotify sì ti dá owó dúró lórí orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù méjìlá.

Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ pé owó wà níbẹ̀. Spotify fúnra rẹ̀ kéde pé owó tí àwọn olórin Nàìjíríà pa lórí òpó òun, ìyẹn áàpù rẹ̀, lọ́dún 2024 lé ní ₦58 bílíọ̀nù, ó sì ju ìlọ́po méjì ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Àmọ́ àwọn tí ayé ń gbọ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń tọ̀ lọ.

Ẹ wá jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ ẹni tó lè ti jẹ owó yín. Ẹ kò sọ fún wa ẹni tó bá yín gbé orin náà sókè, ibẹ̀ gan-an sì ni ọkàn mi ti ń dà rú. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi DistroKid, TuneCore àti CD Baby wà, tó jẹ́ pé olórin lè fúnra rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n bá a gbé orin rẹ̀ dé gbogbo òpó. Àwọn kan ń gba owó lọ́dọọdún, àwọn kan ń yọ làádá nínú ohun tó bá wọlé. Ṣùgbọ́n ohun tí mo máa ń rí ni pé ọmọ sítúdíò tàbí ọ̀rẹ́ kan tó mọ kọ̀ǹpútà ni olórin máa ń bẹ̀ níṣẹ́, ẹni yẹn á sì fi ímeèlì ara rẹ̀ àti àkáǹtì báńkì ara rẹ̀ ṣe é. Ó lè má ní èrò ibi kankan lọ́kàn. Síbẹ̀, láti ọjọ́ yẹn lọ, lójú ẹ̀rọ, òun ló ni orin.

Ẹ lọ bá ẹni náà ní pẹ̀lẹ́tù, kí ó ṣí àkáǹtì náà lójú yín. Ẹ wo orúkọ tó wà níbi tí wọ́n kọ ẹni tó ni másítà (ohùn orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò) sí, ẹ wo ẹni tí wọ́n kọ pé ó kọ orin náà, kí ẹ sì da nọ́ńbà ISRC rẹ̀ kọ sínú ìwé tiyín. Lẹ́tà àti fígọ̀ méjìlá ni nọ́ńbà náà, kò sì sí orin méjì tó ń jẹ́ ẹyọ kan náà. Ó dà bí nọ́ńbà tó wà lára mọ́tò, tó jẹ́ pé ibikíbi tí ọkọ̀ náà bá dé, òun ni wọn yóò fi mọ ilé tí ó ti jáde. Bí ẹ bá fẹ́ gbé orin náà kúrò lọ́wọ́ ẹni yẹn sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn, ẹ rí i dájú pé nọ́ńbà kan náà ni ẹ lò, kí gbogbo ìgbọ́ tí ẹ ti kó jọ má bàa sọnù. Ẹni tó ṣe ìlù orin náà fún yín ńkọ́? Bí ẹ kò bá ní ìwé kankan pẹ̀lú rẹ̀, ẹ jókòó kọ ọ́ ní báyìí tí owó kò tíì pọ̀, nítorí pé ọjọ́ tí owó bá dé ni ìrántí ènìyàn méjì máa ń yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ẹ kò béèrè. Àwọn kan yóò wá bá yín pé àwọn lè bá yín ra ìgbọ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Ẹ má ṣe gbà. Àwọn òpó wọ̀nyí ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń dá ìgbọ́ ayédèrú mọ̀, Spotify sì ti ń bu owó ìtanràn lé àwọn ilé-iṣẹ́ tó gbé irú orin bẹ́ẹ̀ wá, tí ilé-iṣẹ́ náà á sì yọ orin yín dànù kó má bàa tún san owó mìíràn. Ẹ ní sùúrù pẹ̀lú orin yín. Nígbà kásẹ́ẹ̀tì, orin tí kò bá tà láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ̀yìn ìsọ̀ ni mákẹ́tà, ìyẹn ẹni tó ń tẹ kásẹ́ẹ̀tì tó sì ń tà á, máa ń kó o lọ, ó parí nìyẹn. Ní báyìí, ọdún 2019 ni olórin wa CKay gbé orin «Love Nwantiti» jáde, ọdún 2021 ni TikTok tó gbé e ká gbogbo ayé.

Ìbéèrè: Sí olóòtú. Orin àpàlà ni bàbá wa kọ láàárín ọdún 1968 sí 1981, ó sì di olóògbé ní ọdún 1994. Àwo mọ́kànlá ló ṣe. Láìpẹ́ yìí la rí i pé ẹnì kan tí a kò mọ̀ rí ti gbé méje nínú wọn sórí YouTube, wọ́n sì ti wo ọ̀kan ju ìgbà 300,000 lọ. Nígbà tí a kọ̀wé sí i, ó fèsì pé òun ra ẹ̀tọ́ orin náà lọ́wọ́ ọmọ mákẹ́tà tó gbé àwọn àwo náà jáde nígbà ayé bàbá wa. Ìyá mẹ́ta ló bí wa, a sì pọ̀. Kí ni a lè ṣe? (Ọmọ alápàlà, Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ìdáhùn: Ẹ kú àtijọ́ bàbá o. Ó dùn mí láti ka lẹ́tà yín, pàápàá nítorí ìlú tí ó ti wá. Ìjẹ̀bú-Igbó yín yìí náà ni Haruna Ishola dá sítúdíò Phonodisk sílẹ̀ sí ní ọdún 1979, lẹ́yìn tí òun àti I. K. Dairo ti jọ dá ilé-iṣẹ́ àwo Star sílẹ̀ ní ọdún 1969, kí olórin lè di ẹni tó ni ohùn ara rẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà wọ̀nyẹn ń wá nígbà náà kò yàtọ̀ sí ohun tí ẹ̀yin ń wá lónìí.

Nígbà tí ẹni yẹn sọ pé òun «ra ẹ̀tọ́», ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni rìsíìtì kan. Ní ọdún 1993, èmi ni mo tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi, tó ń kọ fújì nígbà náà, lọ sọ́dọ̀ mákẹ́tà kan ní Èkó. Inú ọ̀rá dúdú ni ẹ̀gbọ́n mi di téèpù másítà sí. Mákẹ́tà gbọ́ ọ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ka owó sórí tábìlì, ó fa ìwé rìsíìtì tó fi ń ta ọjà yọ, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ti gba owó náà ní àsanparí, ó sì ní kí ó buwọ́ lù ú. Wọn kò kọ iye ọdún, wọn kò kọ ìpín, wọn kò tilẹ̀ kọ àkọlé orin náà pé. Inú wa dùn débi pé a ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà jẹ ní ìdíkọ̀ kí a tó wọkọ̀ padà sílé. Orin yẹn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, orúkọ ẹlòmíràn ló wà níbi tí wọ́n kọ ẹni tó ni ín sí, ẹ̀gbọ́n mi kò sì rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ títí tó fi kú. Ní tèmi, àṣẹ láti tẹ kásẹ́ẹ̀tì ni ọkùnrin yẹn ra lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì lórí tábìlì yẹn, nítorí pé kò sí èyíkéyìí nínú wa tó mọ̀ pé nǹkan bẹ́ẹ̀ ń bọ̀.

Nítorí náà, ẹ béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tó wà lórí YouTube náà. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ilẹ̀ wa sọ pé bí ẹnì kan bá fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ orin rẹ̀ fún ẹlòmíràn, inú ìwé ló gbọ́dọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó. Bí ó bá mú ìwé wá, kí lọ́yà yín kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó wo ohun tí bàbá yín tà gan-an, iye ọdún tó fi tà á, àti bóyá ọmọ mákẹ́tà náà ní agbára láti tún un tà. Ẹ sì jẹ́ kí ó yé yín pé nǹkan méjì ló wà nínú orin kan ṣoṣo, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi ojú ẹbí olórin gbolẹ̀. Ọ̀kan ni orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn tí bàbá yín ronú kàn. Èkejì ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò lọ́jọ́ náà, èyí tí à ń pè ní másítà. Àádọ́ta ọdún ni òfin fún másítà, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ ayé ẹni tó kọ orin àti àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni òfin fún orin fúnra rẹ̀. Bí bàbá yín bá kú ní ọdún 1994, a jẹ́ pé títí di òpin ọdún 2064 ni orin tó bá jẹ́ òun ló kọ ọ́ yóò fi jẹ́ ti àwọn àrólé rẹ̀, àfi tó bá fi ìwé gbé e fún ẹlòmíràn. Kódà bí wọ́n bá borí yín lórí másítà, ẹ ṣì ní ẹsẹ̀ tí ẹ lè fi dúró.

Ẹ kó gbogbo páálí àwo tó kù nílé jáde. Mo mọ̀ pé ẹ lè ti fún ẹlòmíràn, tàbí kí wọ́n wà nínú yàrá ìyá àgbà lábẹ́ ibùsùn, ṣùgbọ́n ẹ wá wọn rí. Ẹ yí páálí náà sẹ́yìn, kí ẹ ka lẹ́tà wẹ́wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọdún, nọ́ńbà àwo, ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ àti ẹni tó ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bébà róbótó tó wà láàárín àwo fúnra rẹ̀, nítorí pé orúkọ ẹni tó kọ orin sábà máa ń wà nínú àkámọ́ lábẹ́ àkọlé. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ kedere. Mo ti rí ẹbí kan tó jẹ́ pé nítorí orúkọ bàbá wọn nínú àkámọ́ yẹn ni ẹni tó ń bá wọn jà ṣe dákẹ́.

Bí ẹ bá ti ní ẹ̀rí, ọ̀nà méjì ló wà lórí YouTube, mi ò sì gbà pé èyí tí inú bíbí yóò kọ́kọ́ gbé síni lọ́kàn ló dára jù. Ẹ lè kọ̀wé pé kí wọ́n yọ fídíò náà kúrò; òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ọdún 2022, tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, fún oní-nǹkan ní àṣẹ láti béèrè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2007 ni YouTube ti ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Content ID, tó máa ń dá ohùn orin mọ̀ bí àwa ṣe ń dá ohùn ọmọ wa mọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí ilé-iṣẹ́ tó bá yín gbé orin bàbá yín sókè, irú àwọn tí mo dárúkọ nínú ìdáhùn àkọ́kọ́, bá fi ohùn náà sínú ẹ̀rọ yìí lórúkọ yín, ẹ lè fi fídíò náà sílẹ̀ níbẹ̀, kí owó ìpolówó orí rẹ̀ máa yà sọ́dọ̀ yín. Àwọn olùgbọ́ tó ti wà níbẹ̀, orin bàbá yín ni wọ́n tẹ̀ lé wá. Ẹ kò gbọ́dọ̀ tú wọn ká tí kò bá pọn dandan. Ẹ ṣe é kíá, nítorí pé bí ẹlòmíràn bá kọ́kọ́ fi ohùn náà sínú ẹ̀rọ, ẹ̀yin ọmọ bíbí ni ẹ óò máa fi ẹ̀rí gbe ara yín lẹ́yìn.

Ẹ sọ pé ìyá mẹ́ta ló bí yín. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti máa ń bàjẹ́ jù, ẹ forí jì mí bí mo bá sọ ọ́ gbangba. Ọmọ kan tó mọ fóònù á lọ ṣí àkáǹtì lórúkọ ara rẹ̀, á ní òun ń ṣe é fún gbogbo ilé. Nígbà tí owó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ìjà orogún tó ti sùn á tún jí. Ẹ pe ìpàdé, ẹ yan ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ ìyá kọ̀ọ̀kan, kí àwọn mẹ́ta náà gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní ilé-ẹjọ́ gíga, kí ẹ sì ṣí àkáǹtì báńkì kan tí ẹnì kan kò lè dá buwọ́ lù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ forúkọ àwọn orin náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tó ń gba owó orin lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò, hòtẹ́ẹ̀lì àti irú wọn, bíi Musical Copyright Society Nigeria.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Láti ọdún 1987 ni mo ti ń ta kásẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà síídì. Ìsọ̀ mi kún fún ọjà tí ẹnikẹ́ni kò rà mọ́. Ṣé iṣẹ́ ti tán fún irú wa ni? (Mákẹ́tà, Èkó)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú rògbòdìyàn ayé. Mo ti sọ̀rọ̀ líle nípa mákẹ́tà lókè, mo sì dúró lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ kejì náà wà tó yẹ kí a sọ. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ àwo ńláńlá láti òkè òkun ń palẹ̀ mọ́ kúrò ní Nàìjíríà, ẹ̀yin mákẹ́tà Ìdúmọ̀tà àti Alábà ni ẹ ń yá olórin lówó, tí ẹ ń tẹ kásẹ́ẹ̀tì, tí ẹ ń gbé e dé Ṣakí, Ìwó àti Ìkàrẹ́. Láìsí yín, ọ̀pọ̀ fújì tí à ń gbọ́ lónìí kì bá tí jáde rárá.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ni ọjà náà kú. Ayédèrú ló kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ yín, lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ tó ń jókòó sábẹ́ agbòòrùn pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan, tí wọ́n á gba káàdì mẹ́mọ́rì lọ́wọ́ oníbàárà, tí wọ́n á kó ọgọ́rùn-ún orin sí i kí ó tó jẹ bọ̀ọ̀lì rẹ̀ tán. Olórin kankan kò rí nǹkan kan gbà nínú ìyẹn. Dátà ló wá lé àwọn náà lọ.

Ohun tó kù lọ́wọ́ yín ni ìwé. Ẹ wá àdéhùn tí ẹ bá àwọn olórin ṣe, kí ẹ sì lọ jókòó pẹ̀lú wọn tàbí pẹ̀lú ọmọ wọn, kí ẹ tún un ṣe fún ayé íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ kọ ìpín tiyín àti tiwọn kedere. Ẹ ti ná owó sórí orin náà nígbà kan, ó tọ́ kí ẹ jẹ níbẹ̀. Ohun tí kò tọ́ ni pé kí ẹ dá jẹ ẹ́. Bí ẹ bá sì ní àwo onírẹ́kọ́ọ̀dù ìgbà láéláé nínú ìsọ̀ yẹn, ẹ má ṣe kó o fún alákùtà. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà ní London àti ní Jámánì tí wọ́n ń tún àwo Nàìjíríà àtijọ́ tẹ̀ fún títà, èyí tó mọ́ tí kò há sì máa ń wọ́n wọn. Kí ẹni tó ni orin wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń dúnàádúrà.

Ìbéèrè: Èmi ni máníjà ẹgbẹ́ fújì kan. Tẹ́lẹ̀, a máa ń gba orin òde sílẹ̀, a sì ń tà á fún mákẹ́tà. Ní báyìí, kí a tó sọ̀kalẹ̀ lórí pèpéle, àwọn àlejò ti fi Facebook gbé gbogbo rẹ̀ jáde. Owó tí wọ́n ń fọ́n lé wa lórí sì ti dín kù nítorí òfin. Kí ni ọ̀nà àbáyọ? (Máníjà, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ẹ kò lè gba fóònù lọ́wọ́ àlejò, ẹ má tilẹ̀ dán an wò. Ṣùgbọ́n ohùn fóònù kò mọ́; ariwo àwo oúnjẹ àti ẹ̀rín ló máa ń bò ó. Ẹ gba ohùn tiyín tààrà láti inú míṣà (ẹ̀rọ tó ń pa ohùn gbogbo pọ̀), kí kámẹ́rà méjì wà, kí ẹ sì bá ayàfídíò tí onínàáwó gbà kọ ìwé ṣókí kí eré tó bẹ̀rẹ̀ pé kò ní gbé orin yín sórí àkáǹtì tirẹ̀. Ẹ gbé gbogbo eré náà sórí YouTube yín ní ọjọ́ kejì, kó tó di pé ẹlòmíràn ṣe bẹ́ẹ̀. Kí YouTube tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún yín ní owó ìpolówó, ẹ ní láti ní ẹgbẹ̀rún kan olùtẹ̀lé àti wákàtí ìwòran 4,000 láàárín oṣù méjìlá, eré fújì tó gùn ní wákàtí mẹ́rin kì í sì í pẹ́ kó wákàtí jọ.

Ní ti owó fífọ́n, kì í ṣe òfin tuntun. Òfin Báńkì Àgbà ọdún 2007 ló sọ pé ẹni tó bá ń fọ́n náírà tàbí tó ń jó lé e lórí lè lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí kó san ₦50,000 ó kéré tán, tàbí méjèèjì. Ìgbà tí wọ́n ń fi ìyà rẹ̀ jẹ àwọn gbajúmọ̀ ní ọdún 2024 ni ẹ̀rù tó ba ará ìlú. Mo ti lọ sí òde ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà àkáǹtì olórin sára pátákó iná lẹ́yìn àwọn onílù, tí olórin sì ń ki ènìyàn bí ìró owó ṣe ń wọ fóònù máníjà. Ó dára bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àfikún kan: ẹ jẹ́ kí àkáǹtì náà jẹ́ ti ẹgbẹ́. Nígbà tí owó ń já bọ́ sílẹ̀, gbogbo ọmọ bándì ló ń rí i bí ó ṣe pọ̀ tó. Nínú fóònù ẹnì kan, kò sí onílù tó mọ ohun tó wọlé, ìfura á sì bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Onígángan ni mí, ìdílé Àyàn ni wọ́n bí mi sí. Ọ̀gbẹ́ni kan láti òkè òkun fẹ́ kí n lu oríṣiríṣi ìlù sílẹ̀ fún òun ní sítúdíò fún ọjọ́ méjì, ó sì fẹ́ san owó gidi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣé kí n gbà á? (Onílù, Ọ̀yọ́)

Ìdáhùn: Ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó jọ pé ohun tó fẹ́ ṣe ni kí ó gé ìlù yín wẹ́wẹ́, kí ó tà á fún àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin káàkiri ayé, tí ẹnikẹ́ni tó bá rà á yóò lè fi sínú orin rẹ̀ títí láé láìtún san nǹkan kan. Òwò tó bófin mu ni, ṣùgbọ́n ẹ má ta oko ní owó ẹbè kan. Ọjọ́ méjì ni ẹ ó fi lù ú lóòótọ́. Ohun tó ń rà ni gbogbo ìgbà tí gángan yín yóò máa dún lórí orin ẹlòmíràn láìsí yín níbẹ̀. Ẹ béèrè ìpín nínú ohun tó bá tà. Bí kò bá gbà, ẹ pe owó tó tó ti ọdún mélòó kan. Kí ó kọ orúkọ yín sára ọjà náà, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé kò ní fi ìlù yín kọ́ ẹ̀rọ tí yóò máa lu gángan fúnra rẹ̀. Oríkì ìdílé àti ìlù orò, ẹ má lù ú fún un rárá. Kì í ṣe tiyín nìkan, ẹ kò sì lè dá a tà.